Iná iwájú mọ́tò tí a rẹ̀ sílẹ̀: bí a ṣe ń tún un tò l'Abẹ́òkúta

Bẹ́ ẹ bá dúró ní Kútọ̀ tàbí Oníkólóbó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó rí Corolla àti Accord tí ikùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Ó dáa lójú, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Iná wọn ni mò ń bá wọn jà sí. Ẹlòmíràn á náwó sórí sípíríǹgì, á náwó sórí ríìmù, kò sì ní fọwọ́ kan ìdè kékeré tó wà lẹ́yìn iná iwájú, tí wọ́n fi ń gbé iná sókè sódò. Tó bá di alẹ́, yálà kí iná náà máa wo bọ́ńpà ẹni tó wà níwájú lásán, tàbí kó máa gún ẹni tó ń bọ̀ lójú láti Ìta-Òṣìn títí dé Láfẹ́nwá.

Ìrọ̀lẹ́ kan tó láti fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun èlò rẹ̀ ò wọ́n: sikurudiráfà sítáà, sípánà 8 àti 10, téèpù tí káfíńtà fi ń wọn igi, téèpù bébà tí àwọn péńtà fi ń bo gíláàsì, rọ́bà omi tó mọ́ gaara tó gùn tó mítà 12, àti ògiri tó funfun. Ohun tó ṣòro rí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ilẹ̀ títẹ́jú. Ìlú tiwa, òkè ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, àpáta ni. Mo máa pẹ́ díẹ̀ lórí ilẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́.

Ohun tó ń ṣe iná gan-an

Ohun méjì ni rírẹ mọ́tò sílẹ̀ ń ṣe fún iná. Ọ̀kan kéré, èkejì ló burú.

Èyí tó kéré ni pé iná fúnra rẹ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò ni pé kí etí iná dímù, ìyẹn ìlà òkè tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í kọjá, máa wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kọ̀ọ̀kan tó bá rìn. Iná tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 65 á wá kan títì ní nǹkan bíi mítà 65 níwájú. Bẹ́ ẹ bá rẹ mọ́tò sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, níwájú àti lẹ́yìn bákan náà, iná di 60, á sì kan títì ní mítà 60. Mítà márùn-ún péré ló lọ, èèyàn lè má tiẹ̀ mọ̀.

Èyí tó burú ni pé imú àti ìdí mọ́tò kì í sábà wálẹ̀ bákan náà. Ẹni tó ń gé sípíríǹgì á gé kọ́ìlì kan níwájú, á gé kan lẹ́yìn, ó rò pé òun ti ṣe dọ́gbadọ́gba. Bẹ́ẹ̀ sípíríǹgì iwájú àti tẹ̀yìn ò nípọn bákan náà, ẹrù tí wọ́n sì gbé ò dọ́gba, torí ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni ìwúwo mọ́tò pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká fi Corolla ọdún 2003 sí 2008 ṣe ìṣirò. Láti ààrin táyà iwájú dé ààrin táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.6. Bí imú bá wálẹ̀ ju ìdí lọ ní sẹ̀ǹtímítà 2 péré, etí iná tó ń wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kan tẹ́lẹ̀ á wá máa wálẹ̀ ní bíi 1.8. Iná tó ga ní 60 á kan títì ní mítà 34. Mọ́tò tó ń sáré ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan á jẹ mítà 34 yẹn tán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan àbọ̀. Bí tírélà símẹ́ńtì bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà Ewékorò láìsí iná lẹ́yìn, ìgbà tí ẹ bá fi rí i, ẹ ti débẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìdí ló wálẹ̀ jù ní sẹ̀ǹtímítà 2 yẹn, etí iná á máa wálẹ̀ ní bíi mìlímítà méjì péré fún mítà kan. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní títọ́ pátápátá. Lórí títì tó tẹ́jú, pẹ̀lú awakọ̀ nìkan nínú mọ́tò, ó lè má tíì dé ojú ẹni tó ń bọ̀. Ẹ wá fi èèyàn méjì sí ìjókòó ẹ̀yìn kẹ́ ẹ wò ó.

Nítorí náà, bí ẹ ò bá tíì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n kí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kàn án: láti ààrin ríìmù gòkè tààrà dé etí fẹ́ńdà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá parí, ẹ tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn á ti sọ fún yín ibi tí iná kọrí sí. Bí ẹ bá sì ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìwọ̀n ọ́n, ògiri ṣì máa sọ òótọ́ fún yín.

Ìdíwọ̀n kan tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Òfin Amẹ́ríkà ò fẹ́ kí ààrin iná iwájú wà nísàlẹ̀ ínǹṣì 22 sí ilẹ̀, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 56. Àwọn ará Yúróòpù ní kí ìsàlẹ̀ iná dímù má rẹlẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. Bí tiyín bá ti lọ sí abẹ́ ibẹ̀, ẹ gbé sípíríǹgì padà sókè. Kò sí ìdè tó lè tún ìyẹn ṣe.

Kẹ́ ẹ tó débi ògiri

Ẹ jẹ́ kí sípíríǹgì jókòó ná. Ẹ wa mọ́tò náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kó gun bọ́ńpù Ọbańtókò, kó já sí kòtò díẹ̀, kó tó di pé ẹ wọn ohunkóhun. Ẹ ṣe aláìnmẹ́ǹtì táyà ní àkókò yìí náà, torí pé mọ́tò tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á jẹ́ kí iná náà máa wo ẹ̀gbẹ́.

Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi gáàsì wẹ́dà yọ́ sípíríǹgì kó lè wálẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ wọn. Irin tó ti gbóná pupa báyẹn ti pàdánù agbára rẹ̀, á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, iná á sì máa bá a lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo iná fúnra rẹ̀. Bí gíláàsì rẹ̀ bá ti pọ́n bí omi ẹlùbọ́, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí wọ́n pọ́líìṣì rẹ̀, nítorí pé etí iná ò ní hàn lára ògiri. Ẹ wò ó bóyá iná náà ń mì. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà kan fẹ́ràn láti fi wáyà so iná tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Iná tó ń mì kò ṣeé tò. Ẹ wo gílóòbù náà: ó ní eyín kékeré tó gbọ́dọ̀ wọ ihò tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí rẹwáyà bá ti fi í sí wíwọ́, ẹ ó yí ìdè títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní ti LED olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń ki bọ inú iná tí wọ́n ṣe fún gílóòbù lásán, ó máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká. Ẹ ò ní rí etí iná kan tó já gaara, ojú àwọn ẹlòmíràn ló sì máa jìyà rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀yin tí mọ́tò yín ti ìlú ọba wá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń rìn lọ́hùn-ún. Àwa fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ ọ̀tún la sì ń rìn látìgbà náà. Iná mọ́tò tiwọn máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè sí apá òsì kó lè hàn sí etí ọ̀nà tiwọn. Níbí, apá òsì yẹn ni ẹni tó ń bọ̀ wà. Kódà bí wọ́n bá ti gbé sítíárì rẹ̀ sí apá kejì fún yín, iná lè jẹ́ èyí tó bá a wá. Ẹ wo ara gíláàsì náà. Bẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà E nínú òbírípo, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ọfà kan wà nítòsí rẹ̀. Tí ẹ bá dúró níwájú mọ́tò tí ẹ kọjú sí iná, tí ọfà yẹn bá nàka sí ọwọ́ ọ̀tún yín nìkan, iná ọwọ́ òsì ni. Ó ní láti di pípààrọ̀. Èyí tí ọfà rẹ̀ nàka síbì méjèèjì ṣeé yí padà, èyí tí kò sì ní ọfà rárá jẹ́ tiwa. Ti Amẹ́ríkà máa ń ní DOT lára, kò sí wàhálà nínú tiwọn ní ti èyí, ọwọ́ ọ̀tún làwọn náà ń rìn.

Paríparí rẹ̀, ẹ fa afẹ́fẹ́ táyà sí iye tó wà lára sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ kó ẹrù búùtù kúrò: kẹ́ẹ̀gì omi, jẹnẹrétọ̀ kékeré, gbogbo ohun tó ti di ará ilé níbẹ̀. Kí epo tó ìlàjì táǹkì. Kí ẹnì kan tó wọ̀n tó kìlógírámù 75 jókòó síbi awakọ̀. Bí kò bá sí èèyàn, báàgì símẹ́ńtì kan àtààbọ̀ jẹ́ 75 gẹ́lẹ́.

Ilẹ̀

Ibi tí ẹ rò pé ó tẹ́jú kò tẹ́jú. Àwọn tó ń ṣe ojúde onísímẹ́ńtì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da á síbì kan kí omi òjò lè rí ọ̀nà lọ, fílíńgì stéṣọ̀n náà ń kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojúde ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ má fojú wò ó.

Àwọn bíríkìlà ló mọ ọ̀nà tó rọrùn jù. Ẹ ki ẹnu rọ́bà kan bọ garawa omi tó wà lórí tábìlì, ẹ fẹnu fa ẹnu kejì títí omi á fi máa ṣàn jáde, ẹ wá fi àtàǹpàkò dí ẹnu méjèèjì. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fojú tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bẹ́ ẹ bá rí afẹ́fẹ́ tó ká sínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ẹ fi èékánná ta á lára títí á fi sáré gòkè jáde. Rọ́bà tó ní afẹ́fẹ́ nínú á máa pa irọ́ fún yín. Ẹ wá mú ẹnu méjèèjì pọ̀, ẹ ṣí àtàǹpàkò: omi gbọ́dọ̀ dúró ní ọ̀gbọọgba. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó dáa.

Kí ẹnì kan mú ẹnu kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, kí ẹlòmíràn mú èkejì lọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú. Ẹ dúró kí omi sinmi. Ẹ fi téèpù wọ̀n láti ilẹ̀ dé ojú omi níbi méjèèjì. Tó bá jẹ́ 40 lẹ́yìn, 41 níwájú, ilẹ̀ iwájú ti wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ má fojú kéré rẹ̀: lára Corolla yẹn, sẹ̀ǹtímítà kan á di bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lára ògiri tó wà ní mítà 10. Ẹ wa mọ́tò gun pákó pẹlẹbẹ ní ibi tó rẹlẹ̀ títí ibi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ á fi dọ́gba. Ẹ wo ti ọ̀tún àti òsì náà.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọgbọ́n rọ́bà yìí ni pé ilẹ̀ tó wà láàárín mọ́tò àti ògiri ò já mọ́ nǹkan mọ́. Ó lè jẹ́ gọ́tà, ó lè jẹ́ àpáta. Bí abẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti dọ́gba, rọ́bà yẹn náà ló máa gbé gíga iná lọ sára ògiri fún yín. Ẹni tó ń gbé Àṣẹ̀rò tàbí ẹ̀yìn Olúmọ, tí ẹnu géètì rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, lè ṣe é nílé.

Ìlà lára ògiri

Ẹ kọ́kọ́ wa mọ́tò sún mọ́ ògiri títí á fi kù bí ẹsẹ̀ kan. Ẹ wo ààrin iná kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ gíláàsì ní àmì kékeré níbẹ̀. Bí kò bá sí, ibi tí gílóòbù wà ni. Ẹ lẹ téèpù bébà lóòró sára ògiri níwájú iná ọ̀tún, ẹ lẹ òmíràn níwájú ti òsì. Ẹ wá fi ẹ̀yìn rìn tààrà, láìyí sítíárì, títí gíláàsì iná (kì í ṣe bọ́ńpà) á fi jìnnà sí ògiri ní mítà 7.5. Bí àgbàlá bá há, mítà 5 náà tó. Bí àyè bá wà, mítà 10 ló dáa jù.

Ẹ gbo mọ́tò níwájú, ẹ gbò ó lẹ́yìn, kó lè jókòó. Ẹ gbé ẹnu rọ́bà kan sí ọ̀gangan ààrin iná, ẹ mú èkejì lọ síbi ògiri. Ibi tí omi bá dé, ẹ sàmì síbẹ̀, ẹ lẹ téèpù níbùú láti òsì dé ọ̀tún. Ìlà gíga iná nìyẹn. Ní abẹ́ rẹ̀, ẹ lẹ ìlà kejì: sẹ̀ǹtímítà 5 bí ògiri bá wà ní mítà 5, 7.5 bó bá jẹ́ mítà 7.5, 10 bó bá jẹ́ mítà 10. Ìlà kejì yìí ni iṣẹ́ wà. Bí mọ́tò yín bá jẹ́ ti Yúróòpù, ẹ wo sítíkà tó wà nítòsí iná tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n lè ti kọ 1.0% tàbí 1.2% síbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, sẹ̀ǹtímítà 1.2 fún mítà kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

Yíyí ìdè

Ẹ dúró kí ilẹ̀ ṣú. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyí tí ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ NEPA pé wọ́n mú iná lọ.

Ẹ tan dímù, kì í ṣe fúùlù. Bí mọ́tò bá ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbé iná sókè sódò lẹ́bàá sítíárì, tó ní 0 sí 3, ẹ gbé e sí 0. Ẹ gbé páálí dúró níwájú iná kan láìjẹ́ kó kàn án, kẹ́ ẹ lè wo èkejì nìkan. Lára ògiri, ẹ ó rí etí iná tó já gaara: apá òsì rẹ̀ tẹ́jú, tó bá dé ọ̀gangan téèpù òòró á ṣẹ́, apá ọ̀tún rẹ̀ á sì gòkè. Apá òsì tó tẹ́jú yẹn gbọ́dọ̀ jókòó sórí ìlà kejì, ibi tó ti ṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà ní téèpù òòró. Bí gíláàsì Amẹ́ríkà bá ní àkọlé VOR, apá ọ̀tún rẹ̀ ni wọ́n fi ń tò ó, kó bá ìlà gíga iná dọ́gba. VOL ni èyí tí wọ́n ń fi apá òsì tò.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ ó rí ihò kan lẹ́yìn iná láti òkè, eyín rọ́bà funfun wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ki sikurudiráfà sítáà bọ ibẹ̀, orí rẹ̀ á bá eyín yẹn mu, ẹ ó wá máa yí i. Nínú àwọn mọ́tò míràn, nọ́ọ̀tì 8 tàbí 10 ni. Ẹ yí i díẹ̀, kẹ́ ẹ wo ògiri. Ọwọ́ tó ń gbé iná sókè lára mọ́tò kan lè máa sọ ọ́ kalẹ̀ lára òmíràn. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kọjá ìlà díẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé e padà bọ̀ wá sórí ìlà láti ìsàlẹ̀, kí ìdè má bàa ní ààyè tí á fi yọ̀ nígbà tí mọ́tò bá já sí kòtò. Ẹ gbo mọ́tò, ẹ tún un wò. Bí ó bá ti kúrò lójú ibi tí ẹ fi í sí, ìdè tàbí ẹsẹ̀ iná ti bàjẹ́.

Tó bá le, ẹ má fi agbára mú un. Eyín rọ́bà yẹn ti gbó sínú oòrùn. Tó bá ti jẹ, odidi iná lẹ máa rà. Ẹ fín òróró sí i, kẹ́ ẹ dúró díẹ̀.

Ẹ ṣe èkejì bákan náà. Ọ̀pọ̀ iná tó ti Amẹ́ríkà wá kò ní ìdè ọ̀tún-òsì rárá. Bí ibi tó ti ṣẹ́ ò bá bọ́ sí téèpù òòró, ẹsẹ̀ iná tàbí pánẹ́ẹ̀lì iwájú ló wọ́. Ní ti fúùlù, bó bá jẹ́ pé gílóòbù kan náà ló ń ṣe méjèèjì, ó ti bá dímù lọ, ẹ fi sílẹ̀.

Mọ́tò tó ń to iná fúnra rẹ̀

Àwọn Lexus àti irú wọn tó ní iná funfun HID máa ń ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi so apá ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀. Òun ló ń sọ fún mọ́tò pé ẹrù ti wọ búùtù, kó rẹ iná sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á rò pé ẹrù ló wà níbẹ̀ títí ayé, á tẹ iná mọ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wá lọ yí ìdè iná láti fi bo èyí, ẹ kàn ń fi irọ́ bo irọ́ ni. Ọ̀pá yẹn ni kí wọ́n tún ṣe, tàbí kí wọ́n fi èyí tó ṣeé fà gùn rọ́pò rẹ̀, kí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ìyẹ̀wò wá sọ fún mọ́tò pé ibi tó wà yìí ni òdo. Lẹ́yìn ìyẹn ni ògiri tó kàn.

Lójú títì

Ẹ má lọ dán an wò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtòkú tàbí Aké. Lórí òkè, iná gbogbo mọ́tò ló ń wọ ojú èèyàn, kò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ wá ibi tó bá tẹ́jú lójú ọ̀nà Ṣàgámù, lẹ́yìn Kóbapẹ́. Kí ọ̀rẹ́ yín wa mọ́tò yín bọ̀ wá bá yín pẹ̀lú dímù, kí ẹ̀yin jókòó sínú mọ́tò míràn tó kọjú sí i, kúrò lójú ọ̀nà. Bó bá dùn yín lójú, ó ń dun àwọn ẹlòmíràn náà.

Tí ẹ bá ń gbé ìdílé lọ sí Èkó lálẹ́ déédéé, ẹ kó wọn sínú mọ́tò lójú ògiri yẹn kan náà, kẹ́ ẹ wo ibi tí etí iná gòkè dé. Bó bá kọjá ìlà gíga iná, ẹ rẹ iná sílẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 1.3 tàbí 1.5 fún mítà kan. Ẹ ó pàdánù díẹ̀ nígbà tí ẹ bá dá nìkan wà, ó sàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ gíga iná, jíjìn ògiri àti iye tí ẹ fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sínú ìwé tó wà nínú mọ́tò. Lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tí sípíríǹgì bá ti jókòó tán, ẹ tún padà síbi ògiri. Bákan náà nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì tàbí tí ẹ bá yí sáìsì táyà padà.